Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Àwọn Atúmọ̀-Àwòrán-Àyà àti Bí Ó Ṣe Kan Aláìsàn Ìwéré-Ilé

Ìfáàrà

Ọjọ́ méjì wà nínú ọdún tí àwọn oníṣègùn tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ àwòrán àyà kì í gbàgbé. Ọ̀kan ni ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta, nítorí pé ní ọjọ́ náà ní ọdún 1882 ni Robert Koch kéde ní Berlin pé òun ti rí kòkòrò tí ó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ikọ́ ife. Èkejì ni ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá. Ní ọjọ́ náà ní ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Würzburg ní ilẹ̀ Jámánì, ṣàkíyèsí ìtànṣán kan tí ojú kò lè rí, tí ó sì ń la ẹran ara kọjá. Láti ọdún 2012 ni àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá tí ó wà fún iṣẹ́ yìí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti sọ ọjọ́ kejì yìí di àjọ̀dún fún gbogbo àgbáyé. Ní ọdún 2013, ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n fi ṣe àkòrí àjọ̀dún náà.

Ẹni tí ó bá ń gbọ́ ìròyìn ẹgbẹ́ wọ̀nyí láti òkèèrè lè rò pé ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń sọ: ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀rọ tí ó fúyẹ́, kọ̀ǹpútà tí ó ń wo fọ́tò. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Bí a bá wo ohun tí wọ́n ti ń jíròrò lé lórí láti nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu gan-an ni ó gba apá púpọ̀ nínú làálàá wọn: kí ni kí a pe ohun tí a rí, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè mọ ohun tí a ń sọ? Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àdéhùn tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí ti bá ara wọn ṣe lórí ọ̀rọ̀ kò tíì dé ìpele ìkẹyìn, èyí tí í ṣe ìpele tí a ti ń sọ fún aláìsàn, ní èdè rẹ̀, ohun tí fọ́tò fi hàn. Ìwéré-Ilé, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà ní Òkè-Ògùn, ni a yàn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé Yorùbá, ní ẹ̀ka-èdè Oǹkò, ni àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń sọ ibi tí ó ń dùn ún.

Ayàwòrán àti Atúmọ̀-Àwòrán

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ènìyàn méjì sọ́tọ̀, nítorí pé orúkọ kan náà, dókítà, ni aláìsàn sábà máa ń pe àwọn méjèèjì. Ayàwòrán ni ẹni tí ó ń mú aláìsàn dúró níwájú ẹ̀rọ, tí ó ń sọ fún un pé kí ó mí sínú dáadáa kí ó sì di èémí náà mú, kí ẹ̀dọ̀fóró lè kún fún afẹ́fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ sì mọ́. Atúmọ̀-àwòrán ni dókítà tí ó ń ka ohun tí ẹ̀rọ yà, tí ó sì ń kọ ìròyìn lé e lórí. Ní Nàìjíríà, òfin kejìlélógójì ti ọdún 1987 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn ayàwòrán sílẹ̀. Àwọn atúmọ̀-àwòrán ní tiwọn ń gba ẹ̀kọ́ gíga lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀ fún àwọn dókítà, tàbí lábẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn oníṣẹ́-abẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹgbẹ́ wọn tí ó kárí ilẹ̀ wa yìí, tí a mọ̀ sí ARAWA, ní ìwé ìròyìn ìmọ̀ tirẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kò mọ sórí ipò nìkan. Ayàwòrán ni aláìsàn máa ń rí lójúkojú. Atúmọ̀-àwòrán lè wà ní Ìbàdàn nígbà tí aláìsàn wà ní Ìsẹ́yìn, kí àwọn méjèèjì má sì fojú kan ara wọn láé. Ìwé ìròyìn kékeré kan ni ó so wọ́n pọ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì fi kọ ọ́.

Dúdú ni Àlàáfíà, Funfun ni Àrùn

Ìtànṣán Röntgen a máa la afẹ́fẹ́ kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n egungun a máa dá a dúró. Ibi tí ìtànṣán bá dé púpọ̀ lórí fíìmù yóò dúdú, ibi tí kò bá dé yóò funfun. Nítorí náà ẹ̀dọ̀fóró tí ó kún fún afẹ́fẹ́ máa ń dúdú, egungun ìhà àti ọkàn a sì máa funfun. Bí omi, ọyún tàbí ẹ̀jẹ̀ bá gba ipò afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ojú ibẹ̀ yóò funfun. Ikọ́ ẹ̀gbẹ nígbà mìíràn a tún máa jẹ ibẹ̀ títí yóò fi dá ihò sí i, a ó sì rí ojú dúdú kan tí òrùka funfun yí ká.

Èyí jẹ́ òdìkejì gbogbo ohun tí Yorùbá fi àwọ̀ méjèèjì wọ̀nyí sọ. Inú funfun ni inú rere, inú dúdú ni inú ìkà; aṣọ funfun ni aṣọ Ọbàtálá. Ẹni tí a bá sọ fún pé ojú kan funfun nínú àyà rẹ̀, tí a kò sì ṣe àlàyé mìíràn, lè padà sílé kí ó pa adìẹ ọpẹ́. Ọ̀rọ̀ àyà pàápàá ní ìṣòro tirẹ̀. Àyà ni ibùgbé ìgboyà àti ìbẹ̀rù: ẹni tí ó gbójú ni à ń pè ní aláyà, àyà a sì máa já, a sì máa kò. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá sọ fún nọ́ọ̀sì pé àyà òun kò balẹ̀ ni ó ń sọ nípa ẹ̀dọ̀fóró.

Ojú Méjì, Ìtumọ̀ Méjì

Ní ọdún 1947, Carl Birkelo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ kò ju pé irú fíìmù wo ni ó dára jù láti fi wá ikọ́ ẹ̀gbẹ, ńlá tàbí kékeré. Wọ́n ya fọ́tò àyà ènìyàn tí ó lé ní 1,200 ní oríṣiríṣi ọ̀nà, àwọn olùwò márùn-ún sì kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdáhùn tí wọ́n rí kì í ṣe èyí tí wọ́n wá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín fíìmù kan àti èkejì kéré sí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín olùwò kan àti èkejì. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé nínú fọ́tò tí ó ní àmì àrùn, olùwò kan lè tako ẹnìkejì rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí a bá sì gbé fọ́tò kan náà padà fún un lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó lè tako ara rẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún.

Èyí kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ wọn kò wúlò. Ohun tí ó fi hàn ni pé àárín ojú àti ẹnu jìnnà. Olùwò méjì lè rí ohun kan náà kí wọ́n pè é ní orúkọ méjì, wọ́n sì lè pe ohun méjì ní orúkọ kan náà. Ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín ẹ̀ka-èdè kan àti òmíràn kò ní ṣe kàyéfì.

Ìwé-Ọ̀rọ̀ ti Ẹgbẹ́ Fleischner

Ní ọdún 1969 ni a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìrántí Felix Fleischner, atúmọ̀-àwòrán-àyà kan tí ó ti Vienna wá sí Boston. Nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ yìí ti ṣe, ìwé-ọ̀rọ̀ wọn ni ó yẹ kí ó fa ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè mọ́ra jù. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1984, wọ́n tún un ṣe ní 1996 àti 2008, ẹ̀dà tuntun rẹ̀ sì jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Àwọn àpéjọ tí ó tóbi jù, irú bí ìpàdé àgbáyé lórí àwòrán àyà tí ó wáyé ní Florence ní 2005, ní Valencia ní 2009, ní Seoul ní 2013 àti ní Boston ní 2017, kò lè bọ́ sí i bí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀: kí ni ará Korea ìbá bá ará Ítálì sọ?

Ọ̀nà méjì ni ìwé náà gbà ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn ó fi ìwọ̀n dá ààlà. Kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ ní orúkọ kan. Bí ó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ rẹ̀ yí padà, nítorí pé ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ pọ̀ sí i. Nígbà mìíràn ó lé ọ̀rọ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, infiltrate, tí àwọn dókítà ti ń lò fún ọ̀pọ̀ ọdún fún ohunkóhun tí ó bá funfun níbi tí kò yẹ. Ẹ̀dà 2008 sọ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀, nítorí pé ohun tí ẹnì kan fi ń sọ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ó gba ìgboyà kí ẹgbẹ́ kan tó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́ kò ní ìtumọ̀ tí ó dúró.

Èyí tí ó dùn mọ́ni jù ni pé oko àti ilé ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn ti wá. Wọ́n ní afárá oyin, fún ẹ̀dọ̀fóró tí ó ti gbẹ tí ó sì di ihò wẹ́wẹ́. Wọ́n ní igi tí ó ń yọ èéhù, fún bí àrùn ṣe ń tẹ̀ lé ẹ̀ka ọ̀nà afẹ́fẹ́. A sì máa ń rí èyí nígbà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá ń ràn káàkiri inú ẹ̀dọ̀fóró. Hóró ọkà jéró ni wọ́n fi pe irú ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó fọ́n ká bí irúgbìn. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kò nílò ògbufọ̀ fún èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó lè ṣòro ni èyí tí wọ́n fi gíláàsì tí a fi iyanrìn fá pè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ojú ibẹ̀ ti ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Bí a kò bá rí wọn mọ́, orúkọ mìíràn ni ó yẹ. Ẹni tí ó bá ti la ọyẹ́ já ní Òkè-Ògùn mọ ìyàtọ̀ náà. Nínú kùrukùru ọyẹ́ a ṣì ń rí igi àti òkè, bí wọn kò tilẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ìkùukùu òwúrọ̀ òjò bá dì, a kò ní rí ẹni tí ó wà níwájú wa.

Ìpadàbọ̀ Fọ́tò Àyà

Ìròyìn tí ó ṣe pàtàkì jù láàárín ẹgbẹ́ yìí láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni pé fọ́tò àyà ti padà sí ibi tí a ti lé e kúrò. Ní 1936 ni Manoel de Abreu ní ilẹ̀ Brazil ti rí ọ̀nà tí a fi lè ya fọ́tò àyà kékeré fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Ìlú ńláńlá tẹ́wọ́ gbà á. Ní Glasgow ní 1957, láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré, ènìyàn tí ó lé ní 700,000 ni wọ́n yà. Ṣùgbọ́n bí àrùn náà ti ń dínkù ní ilẹ̀ wọn, owó tí wọ́n ń ná lórí ẹni kan tí wọ́n rí ń pọ̀ sí i. Ní 1974 ìgbìmọ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí a dáwọ́ yíya gbogbo ènìyàn láìṣẹ̀ṣà dúró, kí a gbájú mọ́ yíyẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ọsibítù pẹ̀lú ikọ́.

Ìmọ̀ràn náà bá ojú ọjọ́ mu fún ilẹ̀ tí àrùn ti ń lọ. Ilẹ̀ tiwa kọ́ nìyẹn. Ìwádìí tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, títí kan èyí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2012, nínú èyí tí a ya fọ́tò àyà àwọn ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè, jẹ́ kí ó hàn pé ohun kan ń sá mọ́ wa lọ́wọ́. Bí a bá kó ìwádìí àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí pọ̀, nǹkan bí ìdajì àwọn tí kòkòrò wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn ni kò sọ pé àwọn ní ikọ́ tàbí àmì mìíràn tí à ń béèrè. Àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní wá sí ọsibítù. Fọ́tò ni ó rí wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé a lè lo kọ̀ǹpútà tí a ti kọ́ ní wíwo fọ́tò àyà fún ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè, ní ipò olùwò ènìyàn níbi tí kò sí. Kọ̀ǹpútà náà kì í sọ pé àrùn wà tàbí kò sí. Iye kan ni ó ń fúnni. Bí iye náà bá ga ju ààlà tí ètò ibẹ̀ yàn lọ, a ó gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni náà fún àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ X-ray tí ènìyàn lè gbé kọ́ ọrùn, tí ó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́, ti wà pẹ̀lú. Àwọn àjọ bí KNCV àti IHVN ti gbé irú rẹ̀ wọ àdúgbò ní Nàìjíríà. Àwọn tí a rí tí a sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ lọ sókè láti nǹkan bí 285,000 ní 2022 sí nǹkan bí 361,000 ní 2023. Síbẹ̀, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé àrùn náà mú ní 2023 súnmọ́ 500,000. Owó Amẹ́ríkà wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ìjọba ibẹ̀ sì dá ìrànwọ́ sí òkèèrè dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé ọ̀rọ̀ owó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nínú ìpàdé àgbáyé lórí ìlera ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí ó wáyé ní Paris ní 2023, ní Bali ní 2024 àti ní Copenhagen ní 2025.

Kí ni kí a sọ fún Bàbá?

Ká ní a gbé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sí Ìwéré-Ilé ní ọjọ́ ọjà. Àgbẹ̀ kan, ẹni ọgọ́ta ọdún, tí kò húkọ́, gbà kí wọ́n ya òun nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà gbé iye ńlá jáde. Ọ̀dọ́mọdé òṣìṣẹ́ ìlera kan ni yóò sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tí a kọ́ dáadáa, yóò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, yóò ní, “Ẹ kú ìjókòó, Bàbá.” Lẹ́yìn èyí ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu ẹni tí ó bá túmọ̀ láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ti àwọn dókítà ni òjìji: “Bàbá, wọ́n rí òjìji nínú ẹ̀dọ̀fóró yín.” Kò sí ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. William Bascom, nínú ìwé rẹ̀ lórí Ifá tí ó jáde ní 1969, ka òjìji mọ́ àwọn ẹ̀yà ènìyàn tí a kò lè fọwọ́ kàn, pẹ̀lú èémí àti orí. Òjìji ẹni kò yẹ kí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹni. Bàbá yóò gbọ́ pé ẹnìkan ti ṣe òun ní nǹkan, ọ̀nà ilé babaláwo ni yóò sì gbà, kì í ṣe ọ̀nà ilé àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀.

Àbàwọ́n ni ọ̀rọ̀ kejì tí ènìyàn lè rò. Ó bá ohun tí ojú rí mu, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn wà nínú rẹ̀. Ara orúkọ rere ni àbàwọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ní ìtìjú tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò yẹ kí a fi kún un. Egbò ṣe kedere, ó sì rọrùn, àmọ́ ó ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: fọ́tò kò lè sọ pé egbò ni. Ihò tọ́ níbi tí ihò bá wà nìkan.

Lójú iṣẹ́ yìí, kùrukùru ni ó sàn jù. Kò dárúkọ àrùn kankan, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń sọ ni pé ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ bí ó ti yẹ, àti pé ó yẹ kí a súnmọ́ ọn wò. Ó sì yọ wá nínú ìṣòro dúdú àti funfun, nítorí pé kùrukùru kò ní àwọ̀ ìwà. Gbólóhùn tí a lè fi kọ́ òṣìṣẹ́ lè rí báyìí: “Bàbá, fọ́tò rí kùrukùru díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró yín. Fọ́tò kò lè sọ ohun tí ó fà á. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín ni yóò sọ, ẹ bá wa há a sínú ike yìí.” Gbólóhùn mẹ́ta ni. Bí ó ti ṣe pàtàkì tó kò hàn títí a ó fi gbìyànjú láti sọ ọ́ láìsí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ kò fi nǹkan hàn náà nílò ọ̀rọ̀. “Kò sí nǹkan” ni a sábà máa ń sọ, aláìsàn a sì gbọ́ ọ pé òun kò ní ṣàìsàn. Ó sàn kí a ní fọ́tò kò rí nǹkan lónìí, bí ikọ́ bá sì wà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí ó padà wá.

A ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí fún àwọn ìmọ̀ mìíràn. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó dúró. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Herbert Igboanusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àrùn HIV àti Ebola ní Haúsá, Igbo àti Yorùbá. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pẹ́ ju méjèèjì lọ nílẹ̀ wa. Ibi tí a lè gbé ọ̀rọ̀ àyà kà kò sì jìnnà: àwọn ayàwòrán àti atúmọ̀-àwòrán ń pé jọ lọ́dọọdún, ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá sì wà fún gbogbo wọn. Onímọ̀ èdè lè bá wọn jókòó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti mú rí tí ó sì ti gbàdúrà ìwòsàn, tí ó lo oògùn rẹ̀ tán, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè má padà sí bí ó ti wà. Ibẹ̀ yóò funfun títí ayé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Ó lè gbé iye ńlá jáde fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá yà á. Yorùbá ti ní orúkọ fún un: àpá. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Bàbá bóyá wọ́n ti tọ́jú ikọ́ fún un rí, tí ó sì kọ ìdáhùn náà sórí ìwé tí ó ń bá fọ́tò lọ, atúmọ̀-àwòrán tí ó wà ní Ìbàdàn yóò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àpá ni òun ń wò, kì í ṣe kùrukùru. Wọn yóò ṣì yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà wò, nítorí pé àrùn a máa padà sórí àpá. Ṣùgbọ́n wọn kò ní tún bẹ̀rẹ̀ oògùn oṣù mẹ́fà fún ẹni tí ara rẹ̀ ti dá.